Ulli Beier: Àlejò Tí Ó Fẹ́ Fi Ojú Onílé Ríran

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò a máa lójú, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Àwọn àgbà kò fi òwe yìí gan àlejò. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ohun tí ó hàn sí ojú ní ìlú kan kì í sábà jẹ́ ohun tí ó gbé ìlú náà ró. Àlejò a rí agbo ilé, kò ní í mọ àjọbí tí ó wà nínú rẹ̀. A rí ère, kò ní í mọ ẹni tí ère náà ń dúró fún. A gbọ́ ìlù, kò ní í gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Nínú àwọn òyìnbó tí ó wọ ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún tí ó kọjá, ọ̀kan wà tí ó gbìyànjú láti borí òwe yìí. Kò gbé ní ilé ìjọba, kò sì gbé nínú ọgbà Yunifásítì. Ẹdẹ, Ìlobùú àti Òṣogbo ni ó gbé, láàárín àwọn àwòrò, onílù, agbẹ́gilére àti ọmọ ọba. Orúkọ rẹ̀ ni Ulli Beier. Ìtàn ayé rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ mọ àṣà àwọn ènìyàn nípa bíbá wọn gbé, nítorí pé àǹfààní ọ̀nà náà àti àléébù rẹ̀ hàn kedere nínú iṣẹ́ ọkùnrin kan ṣoṣo yìí.

ÌBÍ ÀTI ÌRÌNKÈRINDÒ

A bí Ulli Beier ní ọjọ́ 30, oṣù keje, ọdún 1922, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Glowitz, tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, ṣùgbọ́n tí ó ti di ti ilẹ̀ Póláńdì lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Dókítà oníṣègùn ni bàbá rẹ̀, Júù sì ni. Nígbà tí Hitler gba ìjọba ní ọdún 1933, ilẹ̀ Jámánì kò rọgbọ fún Júù mọ́, ìdílé náà sì sá lọ sí Palẹ́sítínì. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣàkóso ibẹ̀ tún kó wọn sí àgọ́, nítorí pé ọmọ ilẹ̀ ọ̀tá ni wọ́n kà wọ́n sí. Báyìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ṣe mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn jẹ́ àlejò níbi gbogbo. Ní Jámánì, Júù ni wọ́n pè é. Ní Palẹ́sítínì, ará Jámánì ni.

Lẹ́yìn ogun, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìró ohùn ènìyàn. Ní ọdún 1950, ó rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Susanne Wenger, ayàwòrán tí a bí ní ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria ní ọdún 1915, ni wọ́n jọ wá. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé Beier lọ́wọ́ ni kí ó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bí a ti ń pe èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ tí ọgbà Yunifásítì fi sú u. Ó rí i pé inú ilẹ̀ Yorùbá ni òun wà, ṣùgbọ́n bí ẹni pé Lọ́ńdọ̀nù ni òun ń gbé. Ó bọ́ sí ẹ̀ka tí ń kọ́ àwọn àgbà lẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ìlú tí ó jìnnà sí Yunifásítì, iṣẹ́ yìí ni ó sì sọ ọ́ di arìnrìn-àjò láti ìlú dé ìlú.

Ẹdẹ ni ó kọ́kọ́ fi ṣe ibùjókòó. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1946 títí di ọdún 1975, jẹ́ ọba tí ó mọ ìlù dùndún lù dáadáa, tí ó sì mọ oríkì. Onígbàgbọ́ ni Kábíyèsí, síbẹ̀ wọn kò fi ọdún ìlú ṣeré. Lọ́dọ̀ irú ọba bẹ́ẹ̀, àlejò tí ó bá fẹ́ kọ́gbọ́n kò ní í pàdánù. Láti Ẹdẹ ni Beier ti kó lọ sí Ìlobùú. Kí àwọn ọdún 1950 tó parí, ó tún ti kó lọ sí Òṣogbo.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ BÍBÁ-WỌN-GBÉ?

Ọ̀nà tí Beier tọ̀ kì í ṣe ohun tí ó dá sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn ti gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìwádìí láti ìgbà tí Bronislaw Malinowski, ọmọ ilẹ̀ Póláńdì, ti lọ gbé ní àwọn erékùṣù Trobriand ní agbègbè Òkun Pàsífíìkì nígbà ogun àgbáyé kìíní, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1922. Ohun tí ọ̀nà náà ń béèrè ni pé kí olùwádìí kó ẹrù rẹ̀ wá sí àárín àwọn tí ó fẹ́ mọ̀, kí ó kọ́ èdè wọn, kí ó jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ, kí ó bá wọn re oko àti ọjà, kí ó bá wọn ṣọ̀fọ̀, kí ó bá wọn yọ̀, kí ó sì máa kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìdí tí ọ̀nà yìí fi dára kò jìnnà. Ẹni tí ó bá mú ìwé àti kálàmù dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ó ń béèrè iye ìyàwó àti iye ọmọ, bí agbowó-orí ni ó rí lójú onílé. Onílé yóò dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí yóò mú un tètè lọ ni yóò fún un. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ojú tí a kò bá sì tíì mọ̀ kò ní í gbọ́ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti lo ọdún kan, ọdún méjì, tí àwọn ọmọdé ti mọ orúkọ rẹ̀, tí ó ti wá kí ni nígbà àìsàn, kì yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ohun gbogbo. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni yóò ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó béèrè.

Àléébù ọ̀nà náà kò sì farasin. Malinowski kú ní ọdún 1942. Ní ọdún 1967 ni a tẹ ìwé ìkọ̀kọ̀ tí ó máa ń kọ lálaalẹ́ jáde, àwọn tí ó kà á sì rí i pé ọ̀gá àwọn abánigbé yìí fúnra rẹ̀ a máa bínú sí àwọn tí ó ń bá gbé, a máa gàn wọ́n ní ìkọ̀kọ̀, àárò ilé a sì máa sọ ọ́. Ìwé tí gbogbo ayé ti kà kò sọ ìyẹn. Ẹni tí ń wo ni, a kò rí ẹni tí ń wò ó.

OHUN TÍ Ó RÍ NÍ ÌLOBÙÚ

Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun kò jìnnà sí Òṣogbo. Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ifọ́n sì ni ti ìjọba ìbílẹ̀ Orolú, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìlú méjèèjì súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ilé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ara wọn. Olóbùú ni ọba Ìlobùú, Olúfọ́n ni ọba Ifọ́n. Lójú àlejò tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá nínú ọkọ̀, ìlú kan ni. Lójú onílé, ìlú méjì ni, olúkúlùkù pẹ̀lú orírun rẹ̀, oríkì rẹ̀ àti òrìṣà rẹ̀.

Ní Ìlobùú, Ẹrinlẹ̀ ni òrìṣà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ. Odò ńlá tí ń jẹ́ orúkọ kan náà ń ṣàn ní agbègbè náà títí ó fi lọ bá odò Ọ̀ṣun pàdé. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn Ẹrinlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò sọ pé òrìṣà odò ni. Ẹlòmíràn yóò sọ pé ọdẹ ni, ọdẹ tí ń pa erin. Beier tí ó gbé láàárín wọn gbọ́ ìtàn méjèèjì, kò sì pa ọ̀kan tì nítorí èkejì. Àlàyé tí ó ṣe ni pé ó jọ pé ìsìn méjì ni ó ti pàdé ní Ìlobùú tí wọ́n sì di ọ̀kan: ìsìn odò, àti ìsìn ọdẹ aperin kan tí ó máa ń gba àwọn ará ìlú lọ́wọ́ ọ̀tá. Pierre Verger, ọmọ Faransé tí a tẹ̀ nífá, tí ó sì gba orúkọ Fátúḿbí, mú àlàyé yìí lò nínú ìwé tirẹ̀ lórí àwọn òrìṣà. Verger kú ní ọdún 1996, ìwé rẹ̀ sì ti gbé orúkọ Ìlobùú dé ilẹ̀ Brazil, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí òwò ẹrú kó lọ ti gbé ìsìn Ẹrinlẹ̀ dé ṣáájú.

Ní ọdún 1957, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Nigeria Magazine ní Èkó tẹ ìwé kékeré kan tí Beier kọ lórí àwọn ère onígi ìlú Yorùbá kékeré kan. Ìlobùú ni ìlú náà. Ní àkókò yẹn, àwọn ère Yorùbá ti pọ̀ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù, Berlin àti Paris. Nínú dígí ni wọ́n wà, wọ́n dá dúró, orúkọ agbẹ́gilére sọnù, orúkọ ẹni tí ó ni ojúbọ sọnù. Ohun tí bíbá-wọn-gbé fi kún ìmọ̀ ayé ni pé ère ní ilé, ère sì ní ẹbí. A máa ń wẹ̀ ẹ́, a máa ń kùn ún, a máa ń wọ̀ ọ́ láṣọ, a sì máa ń gbé e jáde lọ́jọ́ ọdún. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ère inú dígí àti ère inú ojúbọ dà bí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àgbádá tí a fi kọ́ igi àti àgbádá tí ó wà lọ́rùn ẹni tí ń jó. Kò sí ìbéèrè ẹnu ọ̀nà tí ó lè fi èyí han ènìyàn. Àfi kí ó jókòó.

ÒRÌṢÀ OLÚFỌ́N ÀTI ORÚKỌ TÍ KÌ Í ṢE TIRẸ̀

Ifọ́n ni ti Òrìṣà Olúfọ́n, ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí a fi ń pe Ọbàtálá. Ìtàn ìrìn-àjò òrìṣà yìí sí ọ̀dọ̀ Ṣàngó ní Ọ̀yọ́ kò ṣàjèjì sí àwọn olóòṣà. Ifá kìlọ̀ fún un pé kí ó má lọ, ó lọ. Èṣù da epo sí i láṣọ lọ́nà; kò bínú. Wọ́n pè é ní olè ẹṣin, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọdún méje, títí ọ̀dá fi dá, tí ilẹ̀ kò fi so èso mọ́. Ní Ẹdẹ, Beier fojú rí bí àwọn olóòṣà ṣe ń ṣe irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún: a mú Àjàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, ní ìgbèkùn, Tìmì a rà á padà, àwòrò a sì padà wálé pẹ̀lú ayọ̀. Ó kọ èyí sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1959 lórí àwọn ọdún ìbílẹ̀ Ẹdẹ láàárín ọdún kan gbáko. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti mọ́ jù: ó sọ ohun tí ó rí, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ní ọdún 1966, ìwé eré onítàn kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí ìgbèkùn Ọbàtálá. Orúkọ tí ó wà lẹ́yìn ìwé ni Ọ̀bọtúndé Ìjímèrè. Àwọn tí ó kà á rò pé ọmọ Yorùbá kan ni ó kọ ọ́. Ulli Beier ni. Ó tún kọ̀wé lábẹ́ orúkọ Ṣàngódáre Àkànjí, àti Ómídìjí Aragbálù. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá dénú ì bá ti fura sí orúkọ àkọ́kọ́, nítorí pé ọ̀bọ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìjímèrè sì ni ó parí rẹ̀. Bí ẹ̀fẹ̀ ni ó rí. Ṣùgbọ́n òǹkàwé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà kò lè fura. Wọ́n gbà pé ohùn onílé ni àwọn ń gbọ́. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ọ̀rọ̀ yìí sì kan ẹni tí ó fún ara rẹ̀ lórúkọ pẹ̀lú. Àwọn olùgbèjà Beier sọ pé ìfẹ́ ni ó sún un dé ibẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, abánigbé tí ó bá ti ń sọ̀rọ̀ ní ohùn onílé ti kọjá ààlà ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ sọ ibi tí òun dúró sí nígbà tí òun rí ohun tí òun rí.

ẸSẸ̀ KAN NÍNÚ OMI

Àléébù mìíràn wà tí kò jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀ nìkan. Èdè Yorùbá jinlẹ̀, oríkì àti ìjálá sì jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ọjà lọ. Ọ̀pọ̀ ohun tí Beier tú sí Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ Yorùbá ni ó ràn án lọ́wọ́. Pàtàkì nínú wọn ni Bákàrè Gbàdàmọ́sí, tí àwọn méjèèjì jọ tẹ ìwé ìtàn kan jáde ní ọdún 1968. Lẹ́yìn gbogbo ìwé tí abánigbé kọ, ahọ́n ẹlòmíràn wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ayé ń rántí ahọ́n náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìfẹ́ a máa yan ohun tí ojú yóò wò. Òrìṣà ni Beier fẹ́ràn, òrìṣà ni ó sì rí jù. Ẹni tí ó bá ka àwọn ìwé náà nìkan lè má mọ bí Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ti pọ̀ tó ní àwọn ìlú wọ̀nyí ní àwọn ọdún 1950, tàbí bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń gba ọmọ lọ́wọ́ ojúbọ. Ìwé tí a kọ nítorí ìfẹ́ a máa ṣọ́ ohun tí ó ń kú lọ. Kì í fi bẹ́ẹ̀ bojú wo ohun tí ń hù.

Ó tún yí ohun tí ó wá wò padà. Ní ọdún 1962, òun àti Dúró Ládipọ̀ dá Ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo. Láti ibẹ̀ ni eré Ọba Kò So ti jáde, tí ó sì dé Berlin ní ọdún 1964. Láti ibẹ̀ ni àwọn ayàwòrán bíi Twins Seven-Seven, Múráínà Oyèlámì àti Jímọ̀ Bùráímọ̀ ti di olókìkí. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti dá iná kò lè pe ara rẹ̀ ní ẹni tí ó kàn wá yáná.

Ti Susanne Wenger le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ dá a gúnlẹ̀, Àjàgẹmọ ni ó di olùkọ́ rẹ̀, obìnrin náà sì wọ inú ìsìn òrìṣà pátápátá. Àdùnní Olórìṣà ni gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo tún igbó Ọ̀ṣun ṣe títí Àjọ UNESCO fi kà á mọ́ àwọn ibi ajẹmọ́gùn-ún gbogbo ayé ní ọdún 2005. Òṣogbo ni ó kú sí ní ọjọ́ 12, oṣù kìíní, ọdún 2009. Obìnrin náà wọ inú odò. Ọkùnrin náà dúró létí odò, ẹsẹ̀ kan nínú omi, ẹsẹ̀ kan lórí ilẹ̀, kí ó lè máa kọ̀wé. Ìwé ń bẹ nítorí ẹsẹ̀ tí ó wà lórí ilẹ̀; òtítọ́ inú ìwé ń bẹ nítorí ẹsẹ̀ tí ó wà nínú omi.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé onílé nìkan ni ó yẹ kí ó kọ̀wé. Ọ̀mọ̀wé N. A. Fádípẹ̀, ọmọ Yorùbá, kọ iṣẹ́ ńlá lórí àwùjọ Yorùbá fún Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939. Ó kú ní ọdún 1944, a kò sì tẹ iṣẹ́ náà jáde títí di ọdún 1970. Iṣẹ́ iyebíye ni. Síbẹ̀, onílé náà ní àìríran tirẹ̀: ohun tí ó ti mọ́ ọn lára láti kékeré kì í yà á lẹ́nu, ohun tí kò sì ya ènìyàn lẹ́nu, kò ní í ronú láti béèrè rẹ̀.

OHUN TÍ Ó KÙ

Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀ nígbà tí ìlú dàrú, ó sì lọ sí Papua New Guinea ní ọdún 1967. Ó padà wá ṣe olùdarí ẹ̀ka ìmọ̀ nípa Áfíríkà ní Yunifásítì Ifẹ̀ láti ọdún 1971 sí 1974. Ní ọdún 1981 ó dá Ìwàlẹwà-Haus sílẹ̀ ní Bayreuth, ní Jámánì. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó fi sọ ilé náà lórúkọ. Ó kú ní Sydney, ní Ọsirélíà, ní ọjọ́ 3, oṣù kẹrin, ọdún 2011. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gba ọ̀pọ̀ àwòrán àti ìwé rẹ̀ sí ibùdó àṣà tí a dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 2009.

Nítorí náà, ọmọ Ìlobùú tí kò tíì bí nígbà yẹn lè rí ojú àwọn baba ńlá rẹ̀ nínú àwòrán tí àlejò yà. Ẹ̀bùn ńlá ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mọ bí a ti ń lò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà ilẹ̀ láàárín Ìlobùú àti Ifọ́n burú dé ibi pé ilé jóná, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba ìpínlẹ̀ sì kéde kónílé-ó-gbélé. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan a máa wá ìwé àtijọ́ tí yóò gbè é. Ìwé abánigbé kò ṣe é lò bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó jókòó sí ni ó ti gbọ́ ohun tí ó gbọ́. Ìtàn tí àwòrò Ìlobùú sọ fún un, ti Ìlobùú ni. Ká ní Ifọ́n ni ó kó ẹrù rẹ̀ sí, ìtàn mìíràn ni ì bá kọ, ìyẹn náà ì bá sì jẹ́ òtítọ́ àwọn tí ó sọ ọ́ fún un. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Nígbà ayé rẹ̀, Beier fi hàn pé àlejò lè ríran, bí ó bá ní sùúrù láti jókòó pẹ́. Ohun tí ó kù fún àwọn tí ń gbé ní àdúgbò náà, ní Ìlobùú àti ní Ifọ́n, ni kí àwọn náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà ara wọn, kí olúkúlùkù gbọ́ ìtàn láti ẹnu ẹnì kejì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra wọn.